Mo fẹ́ sinmi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọjà mi wà

Lọ́dọ̀ Ìyá Pósọ́ọ́fíìsì, Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé wá. Méjì wá láti ọwọ́ àwọn tó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹ̀kẹta wá láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀ tí kò fẹ́. Ti aláṣọ Ìsánlú ló le jù lójú mi, òun ni màá pẹ́ lé lórí. Kí ẹ̀yin méjì yòókù má bínú.

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo ń gbé. Aṣọ ni mò ń tà: ańkárá, léèsì, àti aṣọ òkè nígbà tí ìnáwó bá pọ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Orí status WhatsApp ni mo ti ń polówó ọjà, ibẹ̀ náà ni ìyà ti ń jẹ mí. Gúrúpù ṣọ́ọ̀ṣì, gúrúpù àwọn tá a jọ jáde iléèwé, gúrúpù ẹbí ọkọ, gúrúpù ọmọ ìlú, gúrúpù òbí níléèwé àwọn ọmọ, gúrúpù aláṣọ, kò lópin. Bí mo bá sùn, mo máa ń jí lóru wo fóònù bíi pé ẹnì kan pè mí. Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹ̀wà kaná, mo ní kí n kàn yẹ status ẹnì kan wò. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ẹ̀wà ti jóná, ọmọ mi obìnrin ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan.*

*Bí mo bá sì wo status àwọn ẹgbẹ́ mi tán, inú mi kì í dùn. Ẹni yìí ti ṣí ilé l'Ábújá, ẹni yẹn dúró nínú yìnyín ní Kánádà, èmi jókòó ti igbá aṣọ. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á, oníbàárà wọlé, mo gbàgbé láti fèsì. Wọ́n rí máàkì búlúù méjì, wọ́n pe ọkọ mi pé mo ti ń fojú di àwọn. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kúrò lórí gbogbo rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọjà á kú, àti pé wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*

*Aláṣọ, Ìsánlú*

Ọmọ mi, ẹ̀wà tó jóná kì í ṣe ẹjọ́. Ta ni kò jó ẹ̀wà rí? Ohun tí mo mú nínú lẹ́tà rẹ ni gbólóhùn kan tí o sọ kọjá bí ẹni ń sáré: pé bí o bá wo status àwọn ẹgbẹ́ rẹ tán, inú rẹ kì í dùn. Lẹ́yìn náà lo wá kó ọjà, ẹbí ọkọ, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlú pọ̀ mọ́ ọn, o ní gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ sá fún. Ọjà kọ́ ló ń jí ọ lóru. Kò sí oníbàárà tó ń ra léèsì ní aago méjì òru.

Nítorí náà, kí o tó ronú kan oṣù kan, ṣe èyí lónìí. Lọ sí ibi tí status wà, wá ẹni tó bá ń ba inú rẹ jẹ́, tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan máa yọ síta: Mute. Tẹ̀ ẹ́. Onítọ̀hún kò ní mọ̀, WhatsApp kì í sọ fún un. Ẹ ṣì lè máa kí ara yín, bó bá bímọ o máa gbọ́, bí òkú bá ṣe é o máa lọ. Ilé tó kọ́ l'Ábújá nìkan ni o kò ní máa rí láràárọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìlara ni. Fótò yìnyín ni ẹni Kánádà yẹn fi síbẹ̀, kò fi ìwé owó tó ń san kí ilé rẹ̀ lè móoru síbẹ̀. Ìwọ náà, ṣé o ti fi ẹ̀wà tó jóná sórí status rí?

Ní pósọ́ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wá béèrè lẹ́tà kí ọkọ̀ tó ń kó àpò lẹ́tà bọ̀ láti Lọ́kọ́ja tó wọ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé kò tíì dé. Wọ́n á wá láàárọ̀, wọ́n á tún wá lọ́sàn-án, wọ́n á na ọrùn wo ẹ̀yìn mi bóyá mo fi nǹkan pamọ́. Ìyá kan wà láàárín wọn tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kàdúná. Nígbà tó yá, mo rí i pé lẹ́tà gan-an kọ́ ni ìyá yìí ń wá mọ́. Ó lè gba lẹ́tà lónìí kó tún padà wá lọ́la. Ara rẹ̀ ni kò lélẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkókò bá tó, a máa ń ti kọ́ńtà. Ẹni tó ní sùúrù á lọ sílé, ẹni tí kò ní náà á lọ sílé.

Fóònù kò ní ẹni tó ń ti kọ́ńtà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aza Raskin ló gbé ojú ewé tí kì í tán kalẹ̀ ní 2006, èyí tí o máa ń rí lórí Facebook àti TikTok, tó jẹ́ pé bí o ṣe ń fi ìka tì í sókè ni tuntun ń yọ láti ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kábàámọ̀ rẹ̀ kò dá ojú ewé náà dúró. Ìwọ lo máa ti kọ́ńtà tìrẹ. Ṣí i láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, ṣí i láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí o sì pa dátà ní gbogbo àkókò yòókù. Dátà ni mo ní kí o pa o, mi ò ní kí o pa fóònù. Ẹni tí ọ̀ràn bá kan á pè ọ́.

Oṣù kan gbáko tí o ń sọ yẹn, mi ò fọwọ́ sí i, mo sì ní ìdí. Bí fóònù rẹ kò bá sí lórí dátà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ máa dúró lọ́dọ̀ WhatsApp fún 30 ọjọ́ péré. Bí kò bá tíì dé ọwọ́ rẹ nígbà náà, wọ́n máa pa á rẹ́, o kò ní rí i láéláé. Oníbàárà tó bèèrè aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá, kò ní mọ̀ pé o ń sinmi. Á ti lọ rà á ní Mọ̀pà. Bí ẹnì kan bá wá fa ìsinmi náà gùn tó 120 ọjọ́ láìfọwọ́ kàn án, àkáǹtì náà fúnra rẹ̀ lè lọ. Mo mọ̀ pé oṣù kan lo pè é, àmọ́ mo ti rí ẹni tí oṣù kan rẹ̀ di ọdún.

Ìdí kejì ni pé ìsinmi gbáko kì í sanwó tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò jiyàn. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà sanwó fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ti Facebook wọn pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìwádìí náà sì jáde nínú ìwé ní 2020. Àwọn tó ti tiwọn pa rí nǹkan bíi wákàtí kan gbà padà lójúmọ́. Wọ́n túbọ̀ ń jókòó ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n tún ń wo tẹlifíṣàn sí i. Ọkàn wọn fúyẹ́ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ìròyìn tí wọ́n mọ̀ sì dín kù sí ti àwọn tí kò ti tiwọn pa. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, tí ẹnikẹ́ni kò tún sanwó fún wọn mọ́, ọ̀pọ̀ kò padà lò ó tó bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé àǹfààní ibẹ̀ nìyẹn: ọwọ́ á gbàgbé díẹ̀. O lè rí ìyẹn gbà pẹ̀lú kọ́ńtà tí ò ń tì lálẹ́, láì jẹ́ pé o sá kúrò ní ìlú.

Ọjà rẹ wá ń kọ́. Ra síìmù kejì, mú NIN rẹ dání lọ, kí o fi ṣí WhatsApp Business, irú WhatsApp tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Àwọn oníbàárà nìkan ni kí o fún ní nọ́ńbà tuntun náà, kí ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ara yín. Mo rò pé èyí ló máa tù ọ́ lára jù nínú gbogbo ohun tí mo ní í sọ, torí pé status kì í hàn àfi láàárín ẹni méjì tí wọ́n ti tọ́jú nọ́ńbà ara wọn. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ kò bá ní nọ́ńbà ọjà náà lọ́wọ́, ilé wọn kò ní yọ sí ọ nígbà tí o bá lọ polówó léèsì. Àárọ̀ ni kí o gbé ọjà sórí status, wákàtí 24 ló máa lò níbẹ̀. Ẹni tó jí ní kùtùkùtù á rí i, ẹni tó ń wo tirẹ̀ lórí ibùsùn náà á rí i. WhatsApp Business tún máa ń jẹ́ kí o kọ ọ̀rọ̀ tí yóò máa dá ènìyàn lóhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí o kò bá sí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, a ti ti ṣọ́ọ̀bù, a máa dá yín lóhùn láago mẹ́jọ àárọ̀." Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní pè ọ́ ní agbéraga. Á ní ọjà rẹ ti tóbi.

Má sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó bá wà níta. Ìgbà kajú, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ máa ń rọ̀, wọ́n máa ń raṣọ. Kérésì àti Àjíǹde, ìwọ náà mọ̀. Dúró de oṣù keje, nígbà tí òjò bá ti sọ ọjà di tútù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ kì í ṣe ti fóònù, kò sì sí bọ́tìnì tó lè tún un ṣe. O lè pa máàkì búlúù náà, ó wà ní Settings, lábẹ́ Privacy, Read receipts ni wọ́n pè é. Bí o bá pa á, ìwọ náà kò ní rí ti ẹlòmíràn, àti pé nínú gúrúpù yóò ṣì máa hàn. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé e dé, ìjà tó sì ti dá sílẹ̀ láàárín ìyàwó ilé àti àwọn ará ilé ọkọ kò kéré. Èmi ti pa tèmi. Ṣùgbọ́n kí o tó pa tìrẹ, lọ kí wọn. Má kọ̀wé, má fi ohùn ránṣẹ́. Bí ọ̀nà bá jìn, pè wọ́n, kó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́sàn-án tí ara wọn bá balẹ̀. Sọ pé: "Àǹtí, ẹ má bínú. Mo rí ọ̀rọ̀ yín, oníbàárà ló wọlé tí mo gbàgbé. Láti ìsinsìnyí, n kò ní máa wo WhatsApp lálẹ́ mọ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ mi, ẹ pè mí, màá gbé e." Kí o wá máa gbé e o! Kí o sì máa pè wọ́n kí wọ́n tó pè ọ́. Ẹni tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń pè lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ló máa fi máàkì búlúù ṣe?

Gúrúpù ọmọ ìlú ni mi ò fẹ́ kí o kúrò níbẹ̀. Ní àwọn ìlú mìíràn, ẹni tó fẹ́ sinmi lè sọ pé òun ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Níbi tiwa, ìwọ tí o wà ní Ìsánlú mọ̀ ju èmi lọ. Bí àwọn ajínigbé bá jáde sójú ọ̀nà, gúrúpù ni a ti ń kọ́kọ́ gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ lónìí. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó kú, ibẹ̀ la ti ń dá owó fún ẹni tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Dá ohùn gúrúpù náà dúró, Always ni kí o tẹ̀, kí o sì wá ẹnì kan nínú rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, tí kì í sá fún owó ìpè. Bẹ̀ ẹ́ pé nǹkan méjì péré ni kó máa pè ọ́ fún, òkú àti ọ̀nà. Bí o bá ń lọ sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja ra ọjà, pè é kí o tó kúrò nílé. Àwọn gúrúpù yòókù, mo fi sí ọ lọ́wọ́. Bí o bá jáde nínú gúrúpù nísinsìnyí, kì í pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn ádímíìnì nìkan ló ń rí i lójú ẹsẹ̀. Ti àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde iléèwé yẹn, mo rò pé o ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lálẹ́, má gbé fóònù sínú yàrá. Fi sí pálọ̀ níbi tí o ti ń fi iná sí i. Bí o bá ní òun lo fi ń jí, ra aago tó ń dún, wọ́n ń tà á lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ á máa wá a, ó yẹ kí ọwọ́ náà rí nǹkan mú. Ẹ̀gúsí ni mo máa ń bó ní tèmi. Ìwọ tí o ń ta aṣọ òkè, ṣé o mọ̀ ọ́n hun? Àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Owé, obìnrin ni ń jókòó sídìí òfì tó dúró lóòró. Aṣọ ìpọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ọlọ́lá, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Ní Ògìdì, Ìyá Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ṣì ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà wà láàyè. Mi ò ní kí o lọ di ahunṣọ. Mo kàn ń ro ọmọbìnrin tó dúró tì ọ́ yẹn tí kò sọ nǹkan kan, ó tó ọmọ tó lè kọ́ ọ pẹ̀lú rẹ.

*Ìyá Pósọ́ọ́fíìsì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ẹ̀gbẹ̀ ni mo wà. Àwọn ọmọ mi wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Kánádà. Wọ́n kóra jọ lórí fóònù, wọ́n ní kí n lọ sinmi lórí WhatsApp, pé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ pọ̀ jù, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Èyí àbíkẹ́yìn yọ mí kúrò nínú gúrúpù ẹbí. Àdúrà òwúrọ̀, ewé ìwòsàn àti ìkìlọ̀ nípa ojú ọ̀nà ni mò ń fi ránṣẹ́. Ṣé ọmọ ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó lọ sinmi?*

*Olùkọ́ àgbà, Ẹ̀gbẹ̀*

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín bínú. Ọmọ kì í yọ bàbá rẹ̀ kúrò níbi tí ẹbí ti ń sọ̀rọ̀. Kódà ká ní irọ́ ni ẹ fi ń ránṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnì kan ni ì bá pè yín kó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìsinmi tipátipá kì í sì í mú ẹnikẹ́ni sinmi. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa fún wa láti 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 di 13 oṣù kìíní ọdún 2022, ta ló sinmi nínú àwọn ọ̀dọ́? VPN, ètò tó ń jẹ́ kí ènìyàn gba ẹ̀yìn wọlé síbi tí wọ́n tì pa, ni gbogbo wọn lọ gbà, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Mo ti bá yín bínú tán. Ó kù kí n bá àwọn ọmọ sọ ti wọn. Bàbá, ilé ìwòsàn ECWA wà nínú ìlú yín níbẹ̀, ẹ wá ń fi ewé tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó já a ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìkìlọ̀ ojú ọ̀nà ló tilẹ̀ kàn mí jù. Mo ti rí i ní Kàbà níbí kí ọjà tú lọ́sàn-án gangan nítorí ohùn ẹnì kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri. Àwọn ìyá fi tòmátò sílẹ̀ sáré. Ìgbà tí a máa wádìí, ọ̀rọ̀ ọdún tó ṣáájú ni, ìpínlẹ̀ mìíràn sì ló ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ tòótọ́ bá wá dé, àwọn ìyá yẹn kò ní fẹ́ dìde mọ́, ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ wo òkè rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì tó tẹ̀ léra, ó ti tọwọ́ dé ọwọ́ tó ìgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kàn yín. WhatsApp fúnra wọn kò jẹ́ kí ẹ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n ti fi òfin náà lélẹ̀. Èyí tó bá ní ọfà méjì, ẹ jẹ́ kó kú sọ́dọ̀ yín. Ìkìlọ̀ ojú ọ̀nà tí kò bá ní ọjọ́ àti orúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá àwọn ọmọ ṣàdéhùn lé lórí: ẹ̀yin máa sinmi lórí ohun tí ẹlòmíràn ṣe, àwọn náà á dá yín padà sínú gúrúpù, èyí àbíkẹ́yìn á sì pè yín tọrọ àforíjì. Dípò ewé, ẹ fi ohùn ara yín ránṣẹ́. Ẹ sọ orúkọ bàbá tó bí bàbá yín, ibi tó dáko sí, oríkì ìyá yín, bí ẹ ṣe rin ìrìn kí ẹ tó dé iléèwé. Ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù á gbọ́ ìyẹn títí kan òpin, á tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àdúrà òwúrọ̀ kò burú. Ẹ fi ẹnu yín gbà á.

*Ìyá, ìfẹ́ ló dà mí. Gbogbo ìgbà ni mò ń rí ọmọbìnrin náà lórí Facebook pẹ̀lú ẹni tuntun. Mo fẹ́ pa Facebook mi rẹ́ pátápátá lónìí olónìí. Ẹ kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe é. Fótò màmá mi tó ti lọ wà níbẹ̀ o, mi ò ní i níbòmíràn.*

*Ọ̀dọ́kùnrin, Kàbà*

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má pa á rẹ́ lónìí. Nǹkan méjì ni Facebook ní, àwọn ènìyàn sì máa ń pè é ní ọ̀kan. Deactivate máa fi ojú ewé rẹ pamọ́, kò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ọjọ́ tí o bá padà wọlé, gbogbo rẹ̀ á jí. Delete ni èyí tó ń pa á rẹ́. O ní 30 ọjọ́ láti yí ọkàn padà, lẹ́yìn náà ó ti lọ, fótò màmá rẹ pẹ̀lú rẹ̀ àti gbogbo ọ̀rọ̀ ìdárò tí àwọn ènìyàn kọ sí abẹ́ wọn.

Nítorí náà, fótò lo máa kọ́kọ́ kó. Nínú Settings, wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Download your information tàbí Export your information, béèrè fún gbogbo rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó ṣe tán, dátà tó máa jẹ kò sì kéré; bí o bá rí ibi tí Wi-Fi wà, ṣe é níbẹ̀. Tọ́jú u sí ibi méjì. Lọ tẹ díẹ̀ nínú àwọn fótò náà sórí ìwé ní sítúdíò, kí o kọ́ ọ̀kan sára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin náà. Block ni kí o tẹ̀ sí orúkọ rẹ̀, àti sí ti ẹni tuntun yẹn. Bí ìyẹn bá le jù lójú rẹ, Snooze wà tó máa gbé e kúrò lójú rẹ fún 30 ọjọ́, kò sì ní mọ̀. Èmi fẹ́ Block jù. Bó bá wá ku ìgbà tó ṣì ń ṣe ọ́ bí ẹni pé kí o wọlé lọ wò ó, ìgbà yẹn ni kí o wá Deactivate. Kí o tó ṣe é, kọ ọ́ sójú ewé rẹ pé o ń kúrò fúngbà díẹ̀ àti pé ẹnikẹ́ni tó bá lo orúkọ rẹ béèrè owó, ìwọ kọ́. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń fẹ́ràn ojú ewé tí ẹni tó ni ín kò sí nílé.

Ọ̀sán ni kí o ṣe gbogbo èyí, má ṣe é lóru. Jẹun kí o tó bẹ̀rẹ̀.